Èésú: Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ Kan àti Ohun Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Sílẹ̀ Láàárín Wa

   

Ó ti di àṣà wa láti wá ìtàn kan sọ nínú ìwé àjọ̀dún, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a mú. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Èésú ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ogún obìnrin ń dá èésú pọ̀ lọ́jà wa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹni tó bá kàn á sì kó ₦100,000. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó ń ta ata, ló kó ṣe ìkẹrin. Ó fi owó náà kún ọjà. Nígbà tí wọ́n dá a dé ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ìyá náà papò dà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, rí ìwé kékeré tí màmá rẹ̀ ń kọ owó sí. Ó rí ₦5,000 lọ́nà mẹ́tàlá, ó ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ₦65,000. Ló bá gba ọjà wá pé kí wọ́n fún òun ní owó màmá òun.

Wọ́n ní kò sí owó kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kàkà kí owó wà níbẹ̀, ₦35,000 ló kù tí màmá rẹ̀ yóò san.

Ọmọ yìí figbe ta. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ má jẹ́ ká délé ọlọ́pàá o. Òkú ò tíì jẹrà, ẹ ti fẹ́ jẹ owó rẹ̀." Àwọn kan náà fi ìbínú fèsì. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá tó ń ṣe olórí èésú náà ló fi ọ̀rọ̀ tútù gbà á. Ó ní, "Ọmọ mi, jókòó ná. Ta ló sọ fún ẹ pé àjọ ni màmá ẹ ń dá? Èésú ni." Ọmọ náà bá bi í pé, "Ìyá mi, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé àjọ̀dún jókòó, ìbéèrè ọmọ yìí la mú. Kódà láàárín àwa tí a ti ń ná ọjà látọjọ́ pípẹ́, nígbà tí a ní kí kálukú sọ ohun tí èésú jẹ́, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Nítorí náà a wo ẹ̀yìn, a wo ohun tí àwọn tó ṣáájú wa kọ sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń PÈ É

Èsúsú ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹnu ló gé e kúrú, bí a ṣe gé òtítọ́ kúrú tó di òótọ́, tí a gé agogo kúrú tó di aago. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsúsú ṣe di èésú. Ẹni tó bá ń pe èkíní àti ẹni tó bá ń pe èkejì, ohun kan náà ni wọ́n ń wí.

Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sí i bí a bá ń kọ ọ́. Èésú yàtọ̀ sí eéṣú tó máa ń ya bo oko tó sì ń jẹ ewé. Ó yàtọ̀ sí Èṣù. Ó sì yàtọ̀ sí eèsún, koríko gíga tó ń bẹ létí odò. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ láìsí àmì, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ iléèwé tó bá kà á pé eéṣú ni màmá òun ń kó.

Dídá ni a ń dá èésú, kíkó ni a sì ń kó o. Ọ̀rọ̀ méjì yìí, dídá àti kíkó, ni ẹ fi sọ́kàn, orí wọn ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

OHUN TÍ JOHNSON KỌ

Ẹni tí a kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ ni Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Johnson sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì jáde ní 1921.

Nínú ìwé yẹn, Johnson ka èsúsú mọ́ àṣà tó gbilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ó ní àwọn ènìyàn á fẹnu kò sí iye kan, wọ́n á máa dá a ní ọjọ́ kan náà àti níbì kan náà lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì máa gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án. Ó tún sọ pé òfin wà tó dè é. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é lójú tirẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí tálákà rí owó gidi ṣe nǹkan gidi.

Ẹ rántí pé owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ, ẹrù tí ènìyàn ń fi orí rù ni. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ tàbí àkàrà lè máa rí díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni díẹ̀díẹ̀ yóò di ọ̀kẹ́? Àìní ilé kì í sì í dúró de ìgbà yẹn. Nínú ìwé kan náà ni Johnson ti sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀fà, ìyẹn ẹni tó fi ara rẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ fi í, sìn nítorí owó tí wọ́n yá. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ó lè sìn fún ọdún pípẹ́ kí owó tí wọ́n yá má sì dín rárá. Nígbà tó yá, àwọn ṣogúndogójì dé, àwọn tó ń yáni ní ogún kí a lè san ogójì. Ìyá tó bá ní èésú lẹ́yìn lè sinmi lórí ìyẹn, kò ní fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kò sì ní wọ ilé ṣogúndogójì.

Lọ́dọ̀ Johnson, nígbà náà, ìrànlọ́wọ́ ni èésú.

OHUN TÍ BASCOM RÍ NÍ IFẸ̀

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, William Bascom. Ó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó sì kọ́ nípa ìgbé ayé wa. Ní 1952 ó tẹ àròkọ kan jáde tó dá lórí èésú nìkan. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni bí owó náà ṣe ń yí. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó jèrè tàbí tó pàdánù: iye tí kálukú dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin náà ló kó.

Ìgbà tí a ka ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá aláta yé wa dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti mú ₦100,000 lọ́jọ́ tó dá ₦5,000 péré. Gbèsè ni èésú jẹ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógún ni yóò fi san án, láìsí èlé. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn ti dá ₦95,000 sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì kí ọjọ́ rẹ̀ tó kò. Fún òun, ìfowópamọ́ ni. Àwọn tó wà láàárín, wọ́n fi apá kan yá, wọ́n fi apá kan pamọ́. Ìyá aláta wa, nígbà tó kó ṣe ìkẹrin, ₦20,000 ni òun fúnra rẹ̀ ti dá. ₦80,000 jẹ́ owó tí àwọn yòókù yá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi san nínú rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. ₦35,000 ló kù.

Ọmọ rẹ̀ ka ìwé yẹn bí ẹni tó ń ka ìwé báńkì. Kò purọ́, kò sì jalè. Ojú ẹni tó kó gbẹ̀yìn ló fi wo èésú, bẹ́ẹ̀ màmá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé èésú kò lérè, iye tí a bá dá ni a ó kó. Òótọ́ ni tí a bá wo iye. Àmọ́ àwa ọlọ́jà mọ̀ pé owó kan náà kì í ra ọjà kan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Bí ìrẹsì bá gbówó lórí lọ́sẹ̀ kẹwàá, ₦100,000 ẹni ogún kò tó ti ẹni kìíní. Ìdí nìyí tí ìjà fi máa ń wà lórí ta ni yóò kó ṣáájú, tó sì fi yẹ kí olórí èésú jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ṣe ojúsàájú.

Òwe yìí tún ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò kan owó. Bí ẹnì kan bá hùwà ìkà tó sì padà jìyà rẹ̀, àwọn àgbà lè ní èésú tó dá ló ń kó yẹn. Ẹni tó bá sì ń lọ sí òde gbogbo ènìyàn, tó ń bá wọn ṣọ̀fọ̀, tó ń bá wọn yọ̀, nígbà tí tirẹ̀ bá dé tí òde rẹ̀ kún, èésú tirẹ̀ náà ló kó.

ÈÉSÚ RE ÒKÈ ÒKUN

Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ajàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣoogùn ní 1821, jẹ́ ọ̀kan. Ní 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Nítorí ìkíni wa, "ẹ kú", Aku ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n mú èésú lọ, osusu ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Nílé níbí, àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Ìgbò ń pe tiwọn ní isusu.

Láti ọdún 1841 síwájú, wọ́n kó nínú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Trinidad, lápá ibi tí Amẹ́ríkà wà. Àwọn Yorùbá wà lára wọn. Ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá, ọmọ ọmọ wọn gbọ́ díẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e ò gbọ́ mọ́. Nígbà tí Melville Herskovits àti ìyàwó rẹ̀ Frances dé abúlé Toco níbẹ̀ ní 1939, wọ́n bá àwọn ènìyàn tó ń dá owó pọ̀ tí wọ́n sì ń kó o ní ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní susu ni. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947, wọ́n so ó mọ́ èsúsú ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi sou-sou, èyí tó mú kí àwọn mìíràn rò pé orúkọ owó Faransé kan tó ń jẹ́ sou ló ti wá. Ní Bahamas, asue ni wọ́n ń pe tiwọn, àwọn onímọ̀ sì so òun náà mọ́ èésú.

Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí. Àwọn ènìyàn yìí pàdánù ilé, wọ́n pàdánù orúkọ, ahọ́n ìyá wọn sì bọ́ lẹ́nu wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí obìnrin aláta fi ń kó owó jọ lọ́jà wa kò bọ́.

Ní Bahia ní Brazil, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń lò, junta, ṣùgbọ́n bàbá ìtàn yìí ló wà níbẹ̀. Manuel Querino, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Bahia, kọ nípa rẹ̀ ní 1916. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lóko ẹrú, àti àwọn Nàgó tó jẹ́ Yorùbá wà nínú wọn, ń dá owó sọ́wọ́ olórí kan. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀wé, wọ́n sì ń gé àmì sára igi láti mọ iye tí kálukú dá. Owó náà ni wọ́n fi ń ra ara wọn kúrò lóko ẹrú. Bí a bá ń dá tiwa láti ra ẹ̀rọ ata, ká rántí pé òmìnira ni àwọn kan fi owó dídá ra.

Ní Ghana, susu náà ni wọ́n ń wí. Àwọn ìyá wa kan tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ìjọba Ghana lé padà wálé ní 1969, lè jẹ́rìí sí i. Àmọ́ ohun tí susu túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni pé ẹnì kan yóò máa wá gba owó lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, ní òpin oṣù yóò dá a padà fún ọ, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àjọ alájọ nìyẹn.

ÈÉSÚ, ÀJỌ, ÀJẸṢẸ́KÙ

Ó ti tó àkókò láti dá ọmọ ìyá aláta lóhùn. Rárá, kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwa fúnra wa ń pa wọ́n pọ̀.

Bí o bá dá àjọ sọ́wọ́ alájọ, owó tìrẹ ni, òun nìkan lo sì gbọ́kàn lé. Gbogbo wa la mọ Alájọ Ṣómólú. Kì í ṣe àlọ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Taiwo Olunaike lorúkọ rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Títí dòní, bí orí ẹnì kan bá pé, a máa ń ní ó pé bí orí Alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ fọ́dún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kankan san. Bí ẹni tó ń dá àjọ bá kú, kí ọmọ rẹ̀ lọ gba ₦65,000 rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Èésú kò ní àpótí tí owó ń sùn sí. Ọjọ́ tí a dá a ni ẹnì kan ń gbé e lọ. Ara wa ni a gbọ́kàn lé. Bí ẹni tó ti kó bá dáwọ́ dúró, ẹni tí kò tíì kó ló pa.

Ẹgbẹ́ wa yìí ńkọ́? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Orúkọ náà sọ ara rẹ̀: a jẹ, a ṣẹ́ kù. Ní 1934, ìjọba amúnisìn tẹ àbọ̀ ìwádìí C. F. Strickland jáde lórí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó wà ní báńkì, a ń yáni pẹ̀lú èlé díẹ̀, olùyẹ̀wò owó ń wá, a sì ń pín èrè lọ́dọọdún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá papò dà, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ogún ni a ó pè, a ó yọ gbèsè, a ó san ìyókù.

Àwọn kan ti sọ ní mítìǹgì pé kí a fòfin de èésú láàárín ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí alájẹṣẹ́kù wà. Àwa nínú ìgbìmọ̀ yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Alájẹṣẹ́kù ní fọ́ọ̀mù, ó ní onídùúró, ó ní ọjọ́ tí wọ́n ń yáni. Èésú lè mú ọ ní ọwọ́ rẹ̀ lónìí tí ọmọ rẹ bá wà nílé ìwòsàn, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá gbà kí o kó ṣáájú. Òun ló sì kọ́ wa ní ìwà tí a fi dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni mẹ́ta. Èkíní, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé yín gbangba: èésú ni, tàbí àjọ. Èkejì, lọ́jọ́ tí ẹ bá kó, ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye náà sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ dá nìkan. Ìyá aláta kò kọ ọ́, ohun tó ṣi ọmọ rẹ̀ lọ́nà nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé, ọmọ ni tàbí ọkọ, ibi tí ẹ dé.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà já sí. Nígbà tí olórí èésú ṣírò rẹ̀ fún un bí a ti ṣírò rẹ̀ síbí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tó kàn láti kó lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ hàn án. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó ka ₦5,000, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi san án, kò fo ọ̀kankan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpele tuntun, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun síbi tí ti màmá òun wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun kó gbẹ̀yìn.

Ọlọ́run á tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tó kù, a ó dá, a ó sì kó o pẹ̀lú ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà.